Orúkọ Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ẹni Tí Ó San Owó Rẹ̀

 Mo júbà àwọn olùkọ́ mi, àti èyí tí ó ti sùn àti èyí tí ó ṣì ń bẹ láyé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀yin àgbà ni yóò bá mi tún un ṣe.

1. Ìbéèrè tí a bi mí ní Lálúpọn

Lálúpọn ni ilé bàbá mi, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ìbàdàn, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ojú irin yóò mọ orúkọ náà, nítorí pé lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Lálúpọn ni ó gbà kọjá nígbà tí a fà á lọ sí Òṣogbo. Ìlú àgbẹ̀ ni, ìlú kòkó, obì, epo pupa àti ẹ̀gẹ́. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí àwọn ènìyàn mi níbẹ̀, tí ọkùnrin kan tí ó ń ṣòwò epo wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mú ìwé ìpolówó mẹ́ta lọ́wọ́, tí àwòrán àwọn ọmọ tí ó wọ kóòtù àti táì wà lára wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mẹ́ta ni ó ni wọ́n, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní bọ́dìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sọ pé òun ni òun gba ipò kìn-ín-ní.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ọkùnrin náà wí, “ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé. Èwo ni ó gba ipò kìn-ín-ní ní tòótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ilẹ̀ bàbá mi kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mo fẹ́ tà. Mo fẹ́ kí ọmọkùnrin mi jáde níbi tí orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ yóò ti máa ṣílẹ̀kùn fún un.”

N kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé n kò ní èrò. Èrò tí mo ní pọ̀, wọ́n sì ń ta ko ara wọn. Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn ni pé mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé tiwa, ní ọdún 1974, nígbà tí bàbá mi fi oko kòkó rẹ̀ dógò nítorí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan. N óò padà sí ìtàn náà. Ìbéèrè tí mo mú wá síwájú yín lónìí nìyí: ǹjẹ́ orúkọ ńlá tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní, àti ipò tí a tò ó sí láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, já mọ́ nǹkan? Bí ó bá sì já mọ́ nǹkan, ta ni ó já mọ́ ọn fún, ta ni ó sì ń san owó rẹ̀?

2. Kí bọ́dìn tó dé

Àwọn kan a máa sọ pé òyìnbó ni ó kọ́ Yorùbá láti mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí míṣọ́nnárì tó dé ni a ti ń fi ọmọ fún àgbàtọ́, pàápàá ọmọ tí a bá fura pé àkẹ́jù fẹ́ bà jẹ́. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ awo a máa lo ọdún gbọọrọ lọ́dọ̀ babaláwo, a máa ru àpò rẹ̀, a sì máa gbá ilé rẹ̀. Ọmọ ilé-kéwú náà ń gbé lọ́dọ̀ àfáà. Gbígbé níbi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa.

Orúkọ náà kì í ṣe àjèjì. Nígbà tí ọmọ-iṣẹ́ bá gba òmìnira, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ó bi í ni pé, “Ta ni ọ̀gá rẹ?” Orúkọ ọ̀gá ni yóò mú oníbàárà àkọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ́ tí ó rọ bá ṣẹ́ lóko lọ́jọ́ kìn-ín-ní, àgbẹ̀ kò ní bi í léèrè ọ̀gá rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ awo: ojú àwọn àgbà awo ni yóò ti ké Ifá tí ó kọ́, bí ó bá sì gbàgbé ẹsẹ, orúkọ olúwo rẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́. Nínú ètò yìí, orúkọ àti ìdánwò ọwọ́ kò jìnnà síra wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ girama mú wá ni pé ó fa méjèèjì yà. Ó ṣeé ṣe nísinsìnyí kí ènìyàn máa jẹ èrè orúkọ fún ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó wo ọkọ́ tí ó rọ.

3. Láti Ilé Òwú dé Apáta

Ẹ jẹ́ kí a wo bí orúkọ wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, tí ó jẹ́ àna Samuel Ajayi Crowther, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó. Ọmọ mẹ́fà ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo wọn sì ń gbé inú ilé-ìwé náà, nínú ilé kékeré kan ní Broad Street tí a ń pè ní Ilé Òwú. Oníṣòwò kan, ọ̀gákọ̀ J. P. L. Davies, ni ó fi £50 sílẹ̀ kí a lè fi ra ìwé àti ohun èlò. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríìkì, ìṣirò, ìtàn, ìmọ̀ Bíbélì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ náà, ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò ní orúkọ kankan. Olùkọ́ ni ó ní, àti ìwé, àti ọmọ mẹ́fà.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1909, ìjọba amúnisìn ṣí King’s College ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá. Queen’s College fún àwọn ọmọbìnrin tẹ̀ lé e ní 1927 pẹ̀lú ogún ọmọ. Ní Ìbàdàn tiwa, ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1913 ni a dá Ibadan Grammar School sílẹ̀, tí Alexander Babatunde Akinyele, ọmọ Ìbàdàn, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nígbà tó yá, sì jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Isaac Babalola Akinyele, ẹni tí ó jọba Olúbàdàn ní 1955, ni ó kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn ní èdè Yorùbá. Ó tọ́ kí a rántí àwọn méjèèjì pọ̀: ọ̀kan gbé ilé-ẹ̀kọ́ kalẹ̀, èkejì gbé ìmọ̀ ìlú kalẹ̀ ní èdè ìlú. Ní ọdún 1929 ni Government College Ìbàdàn, tí ó wà ní Apáta lónìí, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 29. Ọdún náà ni èkejì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Umuahia.

Ẹ kíyèsí iye àwọn ọmọ wọ̀nyí: 6, 10, 20, 29. Ohun tí ó bá ṣọ̀wọ́n ni ó ń níyì. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń wá akọ̀wé, olùkọ́ àti olùrànlọ́wọ́ dókítà, ẹnu ọ̀nà kékeré wọ̀nyí ni wọ́n gbà wá wọn. Ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ kò wá iṣẹ́. Iṣẹ́ ni ó ń wá a. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti rí i pé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lè sọ ọmọ àgbẹ̀ di ẹni tí ó ń gbé ilé ìjọba. Wọn kò ṣìnà láti gbà bẹ́ẹ̀. Ojú wọn ni ó ṣe.

4. Ohun tí ó wà nínú orúkọ náà

Bí a bá tú orúkọ ńlá kan palẹ̀, a óò rí ohun mẹ́rin nínú rẹ̀.

Èkíní ni ìṣàyàn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yan ọmọ 30 nínú ẹgbẹ̀rún tí ó ṣe ìdánwò ti ní ọmọ tí ó mọ̀wé kí olùkọ́ tó mú ẹfun kọ nǹkan sójú pátákó. Èkejì ni olùkọ́ tí ó péye, tí owó rẹ̀ pé, tí ó sì ń gbé nínú ọgbà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ̀kẹta ni ìwé àti àkókò láti kà á. Ẹ̀kẹrin ni ẹgbẹ́: àwọn tí ó jọ sùn nínú yàrá kan lọ́mọdé, tí wọn kò sì gbàgbé ara wọn lágbà.

Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ kò lè fojú tín-ín-rín ẹ̀kẹta nínú wọn. Wole Soyinka kàwé ní Government College Ìbàdàn láti 1946 dé 1950. Ibẹ̀ náà ni T. M. Aluko àti Cyprian Ekwensi ti kàwé. Umuahia ni Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti Elechi Amadi ti jáde. Kò rọrùn láti sọ pé orí ni ó kàn sọ gbogbo wọn síbì kan. Achebe fúnra rẹ̀ sọ nípa òfin kan tí ọ̀gá wọn, William Simpson, ṣe: ní ọ̀sán àwọn ọjọ́ kan láàrin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìtàn àti ìwé mìíràn láti inú ilé-ìkàwé ni kí wọ́n máa kà. Ẹ wo òfin tí ó rọrùn yìí. Kò béèrè owó púpọ̀. Ohun tí ó béèrè ni ìwé, àkókò, àti ọ̀gá tí ó gbà pé ẹ̀kọ́ ju ìdánwò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. D. O. Fagunwa, tí ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, kò gba ọ̀kankan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, St. Andrew’s College ní Ọ̀yọ́, ni ó ti jáde. Amos Tutuola kò ju ọdún bíi mẹ́fà lọ ní ilé-ìwé. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ni ó kọ́, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tí a tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Àgbẹ̀dẹ ni lóòótọ́. Ọkọ́ tí ó rọ kò ṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí orúkọ náà gbà lọ́wọ́ wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ bọ́dìn, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ sọ èdè abínibí rẹ̀. Wọ́n á bu owó ìtanràn lé e, tàbí kí wọ́n ní kó gé koríko. Ọmọ tí ó ti ilé àwọn apàlọ́ wọ inú ọgbà náà kọ́ láti máa tijú ohun tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Àṣà yìí kò tíì parí. Ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni òde òní, tí àwọn òbí sì ń sanwó lé e lórí.

5. Bàbá kan, ọmọ mẹ́ta

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbafẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, ni ó ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1952. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé jẹ́ bíi 457,000 ní 1954. Ní 1955 wọ́n lé ní 811,000. Ìlú àti abúlé, títí kan àwọn agbègbè Lágelú, Akínyẹlé àti Ẹgbẹ́dá, rọ́ ọmọ jáde lọ sí ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà girama kò fẹ̀ tó ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó sì ni a fi ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọmọ púpọ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà tóóró, ìfa-gbága á dé. Ìdí nìyí tí orúkọ fi wá wọ́n ju ti àtijọ́ lọ láàrin àwọn àgbẹ̀ láti 1960 lọ sókè. Ibẹ̀ sì ni ìtàn ilé wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn nílé wa: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti èmi. Ní 1974, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yege ìdánwò àtiwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́dìn kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò ṣẹ̀ wá. Bàbá mi fi oko kòkó dógò. Ẹ̀yin tí ẹ ti oko wá mọ bí ìdógò ti rí: olówó ni yóò máa ká kòkó, èso oko ni èlé, owó gan-an kò sì dín. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ṣe lóko olóko, ó sì ń ru ẹrù ní ìdíkọ̀ ojú irin.

Ní 1976, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin parí ìwé mẹ́fà. Òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì rẹ̀. Òun náà yege ìdánwò àtiwọlé, ṣùgbọ́n oko mìíràn kò sí tí a lè fi dógò. Bàbá mi pè é, ó ní, “Fara balẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá jáde, òun ni yóò rán ọ ní ilé-ìwé.” Wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ti fẹ́ gba òmìnira. Kò padà. Ọdún mẹ́ta péré ni ọ̀fẹ́ fi pẹ́ jù fún un.

Èmi wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 1981, lọ́fẹ̀ẹ́, láti ilé. Àwọn ará ìlú ni ó fi ọwọ́ ara wọn mọ yàrá tí a jókòó sí. A kún inú kíláàsì bí ẹ̀wà inú àpò. Ọdún méjì gbáko ni a kò fi ní olùkọ́ kẹ́mísírì. Ṣùgbọ́n a ní olùkọ́ Yorùbá kan. Yàrá kan ni ó háyà lẹ́bàá ojú irin, ó sì kó ìwé rẹ̀ sínú páálí kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, yóò yá olúkúlùkù wa ní ìwé kan. Ní ọjọ́ Ajé, yóò ní kí á wá sọ ohun tí a kà, kí í ṣe kí á kà á sórí. Nígbà tí mo ka ohun tí Achebe sọ nípa òfin Umuahia, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, páálí náà ni mo rántí. Ohun tí a fi ọgbà ńlá, owó ìjọba àti ọ̀gá òyìnbó ṣe níbẹ̀, ọkùnrin kan fi owó oṣù olùkọ́ ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ ní Lálúpọn. N kò bá má jókòó síwájú yín lónìí bí kò bá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe dáradára. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti bọ́dìn ni ó mú un wọ iṣẹ́ báńkì. Òun ni ó ràn mí lọ́wọ́ ní yunifásítì. Òun ni ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní 1983. Òun náà ni ó gba oko bàbá wa padà ní 1985. Mo bi í lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìntì pé kí ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fún un. Ó ní, “Ìmọ̀ tí mo ní, mo lè rí i níbòmíràn. Àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀ ni n kò lè rí níbòmíràn.”

6. Títò ilé-ẹ̀kọ́ ní ipò-ní-ipò

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa 1979. Ìlẹ̀kùn tí a ṣí náà dára, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàbùkù rẹ̀ níwájú mi. Ṣùgbọ́n a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ju iye olùkọ́ tí a ní lọ. Ọ̀pọ̀ bọ́dìn àtijọ́ ni a tì tàbí tí ó kú fúnra rẹ̀. Orúkọ ṣẹ́kù lára ògiri, nígbà tí ìṣàyàn, olùkọ́ àti ìwé ti ń ṣí kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé sì dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1980, tí owó oṣù olùkọ́ kò ní láárí mọ́, àwọn tí ó lówó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn jáde.

Ìjà kan ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ aládàáni kí èyí tó gogò. Ní 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Alhaji Lateef Jakande, kéde pé òun yóò fi òpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Anthony Okogie àti àwọn mìíràn pè é lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a ní 1981 pé ẹ̀tọ́ láti tan ìmọ̀ kálẹ̀, tí òfin ìlẹ̀ 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè, kò yọ dídá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kúrò. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti le lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn aládàáni. N kò sì ní fi ara mi pamọ́: mo fi ọmọ mi kan sí bọ́dìn aládàáni. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, nígbà tí a bá to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sí ipò kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta, kí ni à ń wọ̀n? Èsì ìdánwò ni. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ọmọ tí ó mọ̀wé wọlé, tí ó sì rọra lé èyí tí kò mọ̀ ọ́n jáde kí ìdánwò tó dé, yóò ní èsì dídán láìkọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú àtẹ báyìí jáde fún gbogbo ènìyàn ní 1992. Lẹ́yìn bíi ọdún mẹ́wàá, wọ́n rí i pé kò tó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bí ọmọ ti tẹ̀síwájú tó láti ibi tí ó wà nígbà tí ó wọlé. Ẹni tí ó ra ewúrẹ́ tí ó sanra kò gbọdọ̀ gba ìyìn ẹni tí ó bọ́ ọ.

Ẹ̀rí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Kẹ́ńyà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àpapọ̀ olókìkí ti ibẹ̀ jẹ́ bọ́dìn, àmì ìdánwò ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń yan ọmọ tẹ́lẹ̀. Ní 2014, Adrienne Lucas àti Isaac Mbiti tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fi àwọn ọmọ tí àmì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tó wé àwọn tí àmì wọn kù díẹ̀ kó tó. Àwọn ọmọ méjì báyìí, ìmọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan wọ ilé-ẹ̀kọ́ olórúkọ, èkejì kò wọ̀ ọ́. Nígbà tí ìdánwò àṣejáde dé, wọn kò rí ẹ̀rí tó ṣe gúnmọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ olórúkọ náà fi nǹkan kún èsì ọmọ tí ó wọ̀ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Stacy Dale àti Alan Krueger ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí àwọn yunifásítì ní 2002. Ẹni tí yunifásítì olórúkọ gbà, ṣùgbọ́n tí ó yàn láti lọ sí ibòmíràn, kò gba owó tí ó kéré sí ti ẹni tí ó lọ síbẹ̀, bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀. Àfi ẹgbẹ́ kan: àwọn ọmọ tálákà. Àwọn ni orúkọ náà ṣe láǹfààní ní tòótọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọmọ olówó ti ní ẹgbẹ́ láti ilé bàbá rẹ̀. Kò dúró de ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó mọ ọ̀gá báńkì. Ọmọ àgbẹ̀ ni ó nílò ẹni tí yóò mú un mọ̀ wọ́n.

Ibi tí gbogbo ìrìn yìí gbé mi dé nìyí. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì díẹ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ ká a. Ó ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a. Bí a sì ti to ọjà náà lónìí, ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀ ni ó ń rí i rà. Ẹni tí ó nílò rẹ̀ ní láti ta ilẹ̀, kí ó fi oko dógò, tàbí kí ó mú ọmọ kan san owó ọmọ kejì.

7. Ìdáhùn mi

Nígbà tí mo padà sí Lálúpọn, mo bi ọkùnrin elépo náà ní ìbéèrè kan kí n tó dá a lóhùn: “Ọmọ mélòó ni o bí?” Ó ní mẹ́rin, ọkùnrin kan, obìnrin mẹ́ta. Mo ní, “Ilẹ̀ kan ni, ọmọ mẹ́rin ni. Má tà á fún ẹnìkan.”

Mo sọ fún un pé kí ó fi ìwé ìpolówó sílẹ̀, kí ó lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ ọn, ti ìjọba àti ti aládàáni, kí ó sì béèrè ohun mẹ́rin. Olùkọ́ mélòó ni ó ti lo ọdún márùn-ún níbẹ̀? Ìwé wo ni àwọn ọmọ ń kà yàtọ̀ sí èyí tí a ó fi ṣe ìdánwò? Ọmọ tí kò mọ̀wé nígbà tí ó wọlé, kí ni ẹ ṣe fún un, níbo ni ó sì wà báyìí? Bí ọmọ mi bá sọ Yorùbá, ìyà wo ni ẹ óò fi jẹ ẹ́? Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáradára ni ó gba ipò kìn-ín-ní, ì báà ṣe ibi tí a kò ti mọ orúkọ rẹ̀ kọjá Ìyànà Ọ̀fà.

Fún àwọn tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ olórúkọ, àti fún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ó ń tún ọgbà wọn kọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ ya àyè sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọmọ àgbẹ̀ tí kò lè sanwó, kí ẹ sì bọ́ ọ, kí ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ. Bí a ti mọ̀ báyìí, òun ni orúkọ yín lè ṣe láǹfààní jù lọ. Fún ìjọba: nígbà tí a gbèrò ní 2016 láti jẹ́ kí àwọn aládàáni bá ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn ní Ìbàdàn. Ìbẹ̀rù wọn kò ṣòfo. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí orúkọ bá ti wọ̀, owó náà ń tẹ̀ lé e. Ohun tí yóò mú ìbẹ̀rù náà kúrò ni olùkọ́ tí ó pé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì wà ní Lálúpọn. Aṣọ ilé-ìwé ni ó ń rán, fún ti ìjọba àti fún ti aládàáni. Kóòtù bí irú èyí tí ó wà nínú ìwé ìpolówó ọkùnrin yẹn ti kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un, títí dé ibi tí mo ti ń ṣe àlàyé orúkọ àti ipò. Ó gé òwú, ó gbé orí sókè, ó ní: “Bí wọ́n bá fún mi ní èyí tí kò lórúkọ nígbà náà, n óò lọ.”